Ohun Tí Àwòrán Yín Ń Gbé Lọ: Ìdáhùn sí Ìbéèrè Àwọn Òǹkàwé Lórí Fífi Fọ́tò Sórí Íńtánẹ́ẹ̀tì

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn lẹ́tà tí ó wọlé sí abala yìí lóṣù yìí dá lórí àwòrán: èyí tí kò gbà láti lọ, èyí tí ó lọ tán tí ó sì dé ibi tí wọ́n rán an ní ìdàkudà, àti èyí tí ó sọ ju ohun tí olówó rẹ̀ fẹ́ kí ó sọ lọ. Mo ti yan méje nínú wọn. Mo gé àwọn tí ó gùn kúrú díẹ̀, mo sì yọ orúkọ àwọn tó kọ wọ́n. Ẹ̀rọ kò rí bákan náà lọ́wọ́ gbogbo wa, nítorí náà bí orúkọ bọ́tìnnì kan bá yàtọ̀ díẹ̀ sí èyí tí mo kọ síhìn-ín, ẹ wá èyí tí ó sún mọ́ ọn.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, olóòtú wa. Mo ra fóònù tuntun kí àwòrán mi lè túbọ̀ dára, ó sì dára lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìkànnì tí mo ti máa ń fi àwòrán àwọn òdòdó mi hàn kò gbà á mọ́. Ohun tí ó ń sọ fún mi ni pé fáìlì náà ti tóbi jù. Èyí tí mo fi fóònù mi àtijọ́ yà kò ní wàhálà kankan. Ṣé fóònù tuntun yìí ni kò dára ni, àbí ìkànnì náà ló yí òfin rẹ̀ padà? Mo fi ọ̀kan nínú àwòrán àtijọ́ náà mọ́ lẹ́tà yìí kí ẹ lè rí i.

Ìdáhùn: Mo rí òdòdó yín, ó wù mí púpọ̀. Kò sí ohun tó ṣe fóònù yín, ìkànnì náà kò sì ṣẹ̀ yín. Dídára tí kámẹ́rà tuntun náà dára ló fa gbogbo rẹ̀. Àwòrán inú fóònù kò dà bí fọ́tò orí pépà tí a lè fọwọ́ mú. Àwọn ègé kéékèèké onígun mẹ́rin tí à ń pè ní píksẹ́lì ni wọ́n tò jọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwọ̀ tirẹ̀, bí ẹní aláràbarà tó jẹ́ pé ẹni tó bá jìnnà sí i nìkan ló ń rí iṣẹ́ ọnà ara rẹ̀. Kámẹ́rà tí wọ́n bá pè ní mẹ́gápíksẹ́lì 12 máa ń ya àwòrán tí ìbú rẹ̀ jẹ́ píksẹ́lì 4,000, tí gíga rẹ̀ sì jẹ́ 3,000. Ẹ fi ọ̀kan sọ èkejì di púpọ̀, mílíọ̀nù 12 ni yóò fún yín. Báìtì ni òṣùwọ̀n tí a fi ń mọ bí fáìlì ṣe tóbi tó, 3 nínú rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń kọ àwọ̀ píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan sílẹ̀: ọ̀kan fún pupa, ọ̀kan fún àwọ̀ ewé, ọ̀kan fún búlúù. Bí a bá kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ láìfún un pọ̀, àwòrán kan ṣoṣo yóò gba nǹkan bíi mẹ́gábáìtì 36, ìyẹn báìtì mílíọ̀nù 36. Ọpẹ́lọpẹ́ pé fóònù máa ń fún un pọ̀ ni fáìlì tí ẹ ń rí fi ń já sí mẹ́gábáìtì 3, 4 tàbí 5. Síbẹ̀, ìkànnì tí kò bá lówó púpọ̀ lè máà fẹ́ gbà ju 1 tàbí 2 lọ, nítorí òun ni yóò máa tọ́jú rẹ̀, òun náà ni yóò sì máa fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó bá ṣí ojú-ewé náà.

Ẹ tún wo apá ẹni tó ń wo àwòrán. Ojú kọ̀ǹpútà tó wọ́pọ̀ ní píksẹ́lì 1,920 ní ìbú àti 1,080 ní gíga, èyí tí àpapọ̀ rẹ̀ lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù 2. Bí ẹ bá fi mílíọ̀nù 12 ránṣẹ́ sí i, ó ju mẹ́rin nínú márùn-ún àwọn píksẹ́lì yín lọ tí kò ní rí ibi jókòó sí. Dátà ẹni tó ń wò ó ló gbé wọn dé, kò sì rí wọn.

Mo dán an wò kí n tó kọ èsì yìí. Mo ya ife kan tó wà lórí tábìlì mi, fáìlì rẹ̀ sì jẹ́ mẹ́gábáìtì 4.2. Mo dín ìbú rẹ̀ kù láti 4,000 sí 1,600, gíga rẹ̀ sì tẹ̀ lé e fúnra rẹ̀ bọ́ sí 1,200. Nígbà tí ètò náà bi mí bí mo ṣe fẹ́ kí ó dára tó, mo fi í sí 80 nínú 100. Fáìlì tuntun náà já sí kílóbáìtì 390 (ẹgbẹ̀rún kílóbáìtì ló wà nínú mẹ́gábáìtì kan), ìyẹn ni pé kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ti tẹ́lẹ̀. Mo gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lójú kọ̀ǹpútà, n kò sì mọ èyí tó jẹ́ èwo, àfi ìgbà tí mo fẹ̀ wọ́n gidigidi tí mo sì rí i pé àwọn lẹ́tà wínníwínní tí wọ́n tẹ̀ sí etí ife náà ti di bàìbàì nínú ẹ̀dà kékeré. Ta ni yóò ka lẹ́tà etí ife nínú fọ́tò yín?

Bí ẹ bá ń lo Windows, ẹ ṣí àwòrán náà nínú Paint, ẹ tẹ Resize, ẹ yan Pixels, kí ẹ sì kọ 1600 sí ibi tí ìbú wà. Ẹ má fọwọ́ kan àmì tó wà níwájú Maintain aspect ratio, nítorí òun ni kò ní jẹ́ kí ojú ènìyàn gùn bí ojú ẹṣin. Lórí Mac, inú Preview ni ẹ ó ti ṣe é: ẹ lọ sí Tools, ẹ ó rí Adjust Size níbẹ̀. Lórí iPhone, bí ẹ bá fi àwòrán náà ránṣẹ́ sí ara yín nínú áàpù Mail, yóò bi yín bóyá kékeré ni ẹ fẹ́ tàbí ńlá. Àwọn tó ń lo WhatsApp ní ọgbọ́n kan tí kò burú: wọn a fi àwòrán ránṣẹ́ sí ara wọn, wọn a sì tọ́jú èyí tó padà wá, nítorí WhatsApp ti máa ń dín in kù bí ó ṣe ń kọjá lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni kí ẹ ṣe é o. Àwòrán tó bá gba ọwọ́ ènìyàn mẹ́wàá kọjá nínú WhatsApp a máa ṣá bí aṣọ tí wọ́n fọ̀ láfọ̀jù.

Ẹ̀dà ni kí ẹ dín kù, kì í ṣe ojúlówó. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ tọ́jú rẹ̀, Save as ni kí ẹ tẹ̀, kí ẹ sì fún un ní orúkọ mìíràn, nítorí píksẹ́lì tí ẹ bá sọ nù kò ní padà wá lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ tẹ àwòrán náà sórí pépà ńlá. Ẹ rántí pẹ̀lú pé fífi ìka méjì fún àwòrán pọ̀ lójú fóònù kò dín fáìlì kù rárá. Ojú tí ẹ fi ń wò ó nìkan ni ẹ dín kù.

Ìbéèrè: Ọmọ mi fi àwòrán ránṣẹ́ sí mi láti inú iPhone rẹ̀, orúkọ rẹ̀ sì parí sí .heic. Kọ̀ǹpútà mi kò ṣí i, ìkànnì tí mo fẹ́ gbé e sí kò gbà á. Mo pa heic rẹ́, mo kọ jpg dípò rẹ̀, síbẹ̀ pàbó ló já sí. Kí ni mo ṣe tí kò tọ́?

Ìdáhùn: Orúkọ rẹ̀ ni ẹ yí padà, ẹ kò yí ara rẹ̀ padà. Ẹni tó kọ oyin sára ìgò epo kò tíì sọ epo di oyin, ẹni tó bá sì tọ́ ọ wò yóò mọ̀. Àwọn lẹ́tà tó gbẹ̀yìn orúkọ fáìlì kàn ń sọ irú ọ̀nà tí wọ́n fi kọ àwọn píksẹ́lì sílẹ̀ ni, kọ̀ǹpútà yín sì ti ṣí ìgò náà, ó ti rí i pé ohun inú rẹ̀ yàtọ̀ sí ohun tí ẹ kọ.

Ọdún 2017 ni iPhone bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú fọ́tò ní HEIC, nítorí pé ó máa ń fún àwòrán pọ̀ ju JPEG (jpg tí ẹ kọ yẹn) lọ láìba ẹwà rẹ̀ jẹ́. Ìmọ̀ náà dára, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ àti ìkànnì púpọ̀ kò tíì gbọ́ èdè rẹ̀. Ẹ ní kí ọmọ yín wọ inú Settings, kí ó tẹ Camera, kí ó tẹ Formats, kí ó sì yan Most Compatible. Láti ìgbà náà lọ, JPEG ni fóònù rẹ̀ yóò máa yà. Ní ti èyí tó ti wà lọ́wọ́ yín, bí Mac bá wà nítòsí, kí wọ́n ṣí i nínú Preview, kí wọ́n sì lo Export láti sọ ọ́ di JPEG.

Níwọ̀n ìgbà tí a ti dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí n ya àwọn ẹbí yìí sọ́tọ̀ fún yín. GIF ló dàgbà jù nínú wọn: CompuServe ló gbé e jáde ní 1987, àwọ̀ 256 péré ló sì lè gbà nínú àwòrán kan, ìdí nìyẹn tí fọ́tò ènìyàn kì í fi í dára nínú rẹ̀. JPEG dé ní 1992. Ọgbọ́n tirẹ̀ ni pé ó máa ń pín àwòrán sí àwọn àpótí kéékèèké, píksẹ́lì 8 ní ìbú, 8 ní gíga, ó wá ń ju àwọn ìyàtọ̀ tí ojú ènìyàn kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ rí nù nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, gbogbo ìgbà tí ẹ bá ṣí i, tí ẹ tún un ṣe, tí ẹ sì tún un tọ́jú, ni ó tún ń ju díẹ̀ nù. PNG jáde ní 1996, òun kì í ju ohunkóhun nù, ṣùgbọ́n fọ́tò inú rẹ̀ a máa wúwo gidigidi. Google gbé WebP jáde ní 2010. Ní tèmi, fọ́tò ènìyàn, igi tàbí ojú ọ̀run, JPEG ni. Bí ó bá jẹ́ ojú fóònù ni ẹ yà (èyí tí wọ́n ń pè ní screenshot), tàbí ohun tó ní ọ̀rọ̀ àti ìlà tó mú ṣinṣin, PNG ni, nítorí JPEG a máa fi ohun tó dà bí eruku yí àwọn lẹ́tà ká. Ohun kan náà sì ni .jpg àti .jpeg. Ayé ìgbà tí kọ̀ǹpútà kì í gbà ju lẹ́tà mẹ́ta lọ ní ìdí orúkọ ni wọ́n ti gé e kúrú.

Ìbéèrè: Nínú fóònù mi, àwòrán náà dúró ṣánṣán. Bí mo bá ti gbé e sórí ìkànnì, ńṣe ni ó máa ń dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo ti yí fóònù títí, kò yí padà.

Ìdáhùn: Nígbà tí ẹ bá na fóònù ró láti ya fọ́tò, kámẹ́rà inú rẹ̀ kì í sábà yí àwọn píksẹ́lì padà. Bí ojú kámẹ́rà ṣe wà ni ó ṣe ń kọ wọ́n sílẹ̀, yóò wá so ìwé pélébé kan mọ́ ọn pé kí ẹni tó bá fẹ́ fi àwòrán yìí hàn kọ́kọ́ yí i sápá ọ̀tún. Exif ni wọ́n ń pe ìwé pélébé yìí, Japan ni wọ́n ti gbé e jáde ní 1995, oríṣi ìdúró 8 ni ó sì lè sọ. Fóònù yín ń ka ìwé náà, ó sì ń ṣe ohun tó wí. Ìkànnì yẹn kò kà á, tàbí kẹ̀, ó já a dànù kí ó tó kà á. Ojútùú rẹ̀ ni pé kí píksẹ́lì fúnra wọn dúró dáadáa kí wọ́n tó kúrò lọ́dọ̀ yín. Ẹ ṣí àwòrán náà nínú Edit, ẹ gé etí rẹ̀ díẹ̀ bí ìwọ̀n irun, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ ní ẹ̀dà tuntun. Ètò náà yóò tún gbogbo rẹ̀ kọ, yóò sì kọ ọ́ ní ìdúró. Bí ẹ bá dín in kù bí mo ṣe ṣàlàyé nínú èsì àkọ́kọ́, ó sábà máa ń tọ́ fúnra rẹ̀.

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀wọ́, ṣé òótọ́ ni pé ènìyàn lè mọ ibi tí mò ń gbé láti inú àwòrán tí mo gbé síta? Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ní kí n má gbé àwòrán kankan síta mọ́. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n mo rò pé ìbẹ̀rù wọn ti pọ̀ jù.

Ìdáhùn: Ẹ̀gbọ́n yín kò purọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìmọ̀ràn wọn le ju ohun tó yẹ lọ. Ìwé pélébé tí mo sọ nínú èsì tó ṣáájú eléyìí kò mọ sórí ìdúró àwòrán nìkan. Ọjọ́ tí ẹ yà á wà nínú rẹ̀, wákàtí àti ìṣẹ́jú wà níbẹ̀, irú fóònù tí ẹ lò wà níbẹ̀, bí ẹ bá sì ti gba kámẹ́rà láàyè láti mọ ibi tí ẹ wà, ibẹ̀ náà yóò wà nínú rẹ̀ ní nọ́ńbà tí ènìyàn lè tẹ̀ sórí máàpù kí ó sì bá a dé ẹnu ọ̀nà yín.

Ìtàn tó ṣẹlẹ̀ lójú gbogbo ayé wà lórí èyí. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2012, John McAfee, ọkùnrin tí orúkọ rẹ̀ wà lára ètò tó ń gbógun ti kòkòrò inú kọ̀ǹpútà, ń sá kiri nítorí pé àwọn ọlọ́pàá Belize fẹ́ bi í ní ìbéèrè lórí ikú aládùúgbò rẹ̀ kan. Ìwé ìròyìn Vice ní akọ̀ròyìn tó wà pẹ̀lú rẹ̀, wọ́n sì fi fọ́tò rẹ̀ síta tayọ̀tayọ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ kò dárúkọ ìlú kankan. Ìwé pélébé inú fọ́tò náà ló dárúkọ: Guatemala, pẹ̀lú nọ́ńbà ibi tó wà gan-an. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, wọ́n mú un níbẹ̀. Bí àwọn tó ń fi ìròyìn ṣiṣẹ́ jẹ bá lè gbàgbé, kò sí ẹni tí kò lè gbàgbé.

Facebook àti WhatsApp máa ń yọ ìwé náà kúrò lára fọ́tò kí àwọn ẹlòmíràn tó rí i. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ìyẹn sùn. Bí ẹ bá fi fọ́tò ránṣẹ́ nínú ímeèlì, tàbí tí ẹ fi ránṣẹ́ nínú WhatsApp gẹ́gẹ́ bí document kí ó má baà dín kù, gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ ni yóò bá a lọ. Lórí iPhone, nígbà tí ẹ bá tẹ Share, ẹ wo òkè, ẹ ó rí Options, ibẹ̀ ni ẹ ti lè pa Location. Lórí Windows, ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún máòsì tẹ fáìlì náà, ẹ yan Properties, ẹ lọ sí Details, ẹ ó sì rí ìlà kan ní ìsàlẹ̀ tó ń bi yín bóyá ẹ fẹ́ yọ àwọn ohun tó jẹ mọ́ ara yín kúrò. Èyí tó dára jù ni kí ẹ má jẹ́ kí kámẹ́rà máa kọ ọ́ sílẹ̀ rárá: ẹ wọ inú ètò fóònù yín, kí ẹ sì sọ fún un pé kámẹ́rà kò gbọdọ̀ mọ ibi tí ẹ wà.

Ṣùgbọ́n ní tòótọ́, ohun tí ojú lásán rí nínú fọ́tò ló ń bà mí lẹ́rù ju ohun tó pamọ́ lọ. Nọ́ńbà ọkọ̀. Orúkọ ilé ìwé lára aṣọ ọmọ. Ìwé ìrìnnà ọkọ̀ òfuurufú pẹ̀lú àwọn ìlà dúdú tí ẹ̀rọ ń kà, tí ẹni tó bá ní áàpù tó yẹ lè kà bákan náà. Kọ́kọ́rọ́ ilé tuntun tí ènìyàn gbé sókè pẹ̀lú ìdùnnú, tó sì jẹ́ pé ẹni tó mọ iṣẹ́ lè gbẹ́ irú rẹ̀ láti inú fọ́tò tó bá mọ́lẹ̀ dáadáa. Kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì ìkẹyìn, ẹ fẹ àwòrán náà, kí ẹ sì fi ojú rin etí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yí ká bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ tó já bọ́.

Bí ẹ bá rí ohun tí ẹ fẹ́ bò, ẹ bò ó pátápátá. Àmì aláwọ̀ tí ó ń jẹ́ kí nǹkan hàn díẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ kò bo nǹkan kan, nítorí ẹni tó bá mú ìmọ́lẹ̀ àwòrán náà pọ̀ sí i lè ka ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Àpótí dúdú tó dí ni kí ẹ lò. Gígé etí àwòrán náà ti já àwọn ènìyàn kulẹ̀ rí. Ní oṣù Kẹta ọdún 2023, wọ́n rí i pé ètò tí fóònù Pixel ti Google fi ń gé àwòrán ní àléébù kan: ó ń kọ àwòrán kékeré náà lé orí ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kò gé ìdí fáìlì tó ṣẹ́kù nù, débi pé ènìyàn lè jí apá kan nínú ohun tí wọ́n rò pé àwọn ti gé dìde. Kò pẹ́ tí wọ́n rí irú rẹ̀ nínú ètò tí Windows fi ń gé ojú kọ̀ǹpútà. Wọ́n ti tún méjèèjì ṣe, ṣùgbọ́n àwòrán tó ti jáde kí wọ́n tó tún un ṣe ṣì wà níbi tí wọ́n gbé e sí. Nítorí náà, bí ohun tí ẹ gé bá ṣe pàtàkì, ẹ gé e, kí ẹ tún wá ya ojú fóònù yín níbi tí èyí tí ẹ gé ti hàn, kí ẹ sì fi èyí tuntun ránṣẹ́. Kò sí ohun tí ẹ gé tó lè pamọ́ sínú ìyẹn.

Ẹ bá mi kí ẹ̀gbọ́n yín.

Ìbéèrè: Mo ní ibi tí mò ń tọ́jú àwòrán mi sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, líǹkì rẹ̀ ni mo sì máa ń fi sínú ohun tí mo bá kọ. Nígbà mìíràn àwòrán a jáde, nígbà mìíràn líǹkì lásán ni àwọn ènìyàn ń rí. Àwọn tí mo fi sílẹ̀ ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn ti di àpótí òfìfo. Ṣé kí n máa gbé àwòrán fúnra rẹ̀ lọ ni?

Ìdáhùn: Bẹ́ẹ̀ ni, níbikíbi tí wọ́n bá ti gbà yín láàyè. Bí ẹ bá gbé àwòrán fúnra rẹ̀ lọ, ẹ ti fún ìkànnì náà ní ẹ̀dà tirẹ̀. Líǹkì kò ju júwe ilé lọ: ẹ sọ fún àlejò pé ilé kẹta lápá òsì ni, bí onílé bá wá kó lọ, inú pápá ni àlejò yín yóò dúró sí. Ní ọdún 2017, Photobucket, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń tọ́jú àwòrán sí lọ́fẹ̀ẹ́ fún ìgbà pípẹ́, sọ pé ẹni tó bá fẹ́ kí àwòrán rẹ̀ máa hàn lórí ìkànnì ẹlòmíràn yóò máa san dọ́là 399.99 lọ́dún. Àwòrán tí kò níye ni ó pòórá láàárọ̀ ọjọ́ kan, tí ìkéde ilé-iṣẹ́ náà sì gba ipò wọn. Àwọn àlàyé tí ènìyàn fi ìṣísẹ̀ àti ìṣísẹ̀ kọ lórí bí a ṣe ń tún ẹ̀rọ ṣe di ọ̀rọ̀ afọ́jú.

Ní ti èyí tó ń jáde àti èyí tí kì í jáde, oríṣi líǹkì méjì ló wà. Ọ̀kan ń lọ sí fáìlì àwòrán tààrà, èkejì ń lọ sí ojú-ewé tí wọ́n fi àwòrán náà hàn lórí rẹ̀. Líǹkì tí Google Photos ń fún yín láti pín fún ènìyàn, irú èkejì ni. Ẹ lẹ líǹkì náà mọ́ fèrèsé ìkọ̀kọ̀ inú bíráúsà, níbi tí ẹ kò tíì wọlé pẹ̀lú orúkọ yín. Bí àwòrán nìkan bá jáde lórí ilẹ̀ òfìfo, fáìlì tààrà nìyẹn. Bí ẹ bá rí bọ́tìnnì àti orúkọ ẹni lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ojú-ewé ni. Bí ó bá ní kí ẹ wọlé kí ẹ tó rí i, ohun kan náà ni yóò sọ fún gbogbo ẹni tí ẹ fi ránṣẹ́ sí.

Ẹ má sì ṣe mú líǹkì àwòrán láti ìkànnì ẹlòmíràn. Yàtọ̀ sí pé owó wọn ni ẹ ń ná, fáìlì náà wà ní ìkáwọ́ wọn, wọ́n lè fi àwòrán mìíràn rọ́pò rẹ̀ lóru, kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì sì mọ́ bá ohun ìtìjú lábẹ́ orúkọ yín.

Ìbéèrè: Bí mo bá rí àwòrán tó wù mí lórí Google, ṣé mo lè lò ó bí mo bá ti kọ pé ọ̀dọ̀ Google ni mo ti mú un?

Ìdáhùn: Rárá. Google kọ́ ló ni í, ó kàn fi ibi tó wà hàn yín ni. Ẹni tó ya àwòrán ló ni ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀ láti ìgbà tó ti yà á, kò sì dìgbà tó bá forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ níbìkan, gẹ́gẹ́ bí àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n kọ́kọ́ fọwọ́ sí ní ìlú Berne ní 1886 ṣe wí. Dídárúkọ ẹni náà dára, ṣùgbọ́n ìdúpẹ́ nìyẹn, kì í ṣe àṣẹ. Bí ẹ bá wà ní apá Images lórí Google, ẹ tẹ Tools, ẹ tẹ Usage Rights, kí ẹ sì yan Creative Commons licenses. Àwọn tí olówó wọn ti gbà kí ènìyàn lò ni yóò kù, pẹ̀lú ohun tí ó ní kí ẹ ṣe kí ẹ tó lò ó. Wikimedia Commons, ìkànnì kan tí wọ́n ń kó irú àwòrán bẹ́ẹ̀ jọ sí, náà kún fún wọn.

Ìbéèrè: Olóòtú, ojú mi kò ríran. Fóònù mi ló ń ka gbogbo nǹkan sí mi létí, òun náà ló ka ìwé ìròyìn yín fún mi. Bí ó bá dé ibi tí àwòrán wà, yóò kàn sọ pé "àwòrán," yóò sì kọjá lọ. Àwọn ọ̀rẹ́ mi a máa rẹ́rìn-ín sí ohun tí wọ́n rí, èmi a sì dúró bí ẹni tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ síta. Ǹjẹ́ ohun kan wà tí wọ́n lè ṣe?

Ìdáhùn: Ó wà, ó sì rọrùn ju gbogbo ohun tí mo ti kọ lókè yìí lọ, ó sì dùn mí pé lẹ́tà yín nìkan ló béèrè rẹ̀. Ìkànnì púpọ̀, títí kan Facebook àti Instagram, ní àyè kan tí ẹni tó ń gbé àwòrán síta lè kọ àpèjúwe rẹ̀ sí. Alt text ni wọ́n sábà máa ń pè é. Ẹni tó ríran kì í rí i, ṣùgbọ́n fóònù yín yóò kà á. Láti ọdún 2016 ni Facebook ti ń gbìyànjú láti fi ẹ̀rọ kọ ọ́ fúnra rẹ̀ nígbà tí ènìyàn kò bá kọ ọ́, àmọ́ ẹ̀rọ kò mọ ìdí tí ẹ fi ya fọ́tò náà. Yóò ní òun rí ènìyàn méjì níta gbangba, kò sì ní mọ̀ pé ìyá àti ọmọ tó dé láti ìrìn àjò ni.

Ọ̀dọ̀ ẹ̀yin tó kù ni mo wá kọjú sí báyìí. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "àwòrán yìí ń fi hàn pé," nítorí fóònù ti sọ pé àwòrán ni kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ẹ má sì ka gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ bí ẹni tó ń ka ẹrù ọjà. Ẹ sọ ohun tó mú yín yà á. Gbólóhùn kan tàbí méjì ti tó. Ẹni tó kọ lẹ́tà àkọ́kọ́ fi àwòrán kan mọ́ ọn, bí mo ṣe sọ. Ká ní "òdòdó nínú ìkòkò" ni mo kọ fún un, n kò purọ́, ṣùgbọ́n n kò tíì fún yín ní nǹkan kan. Ohun tí mo kọ fún un rèé:

"Òdòdó pupa kan ṣoṣo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tanná nínú ìkòkò amọ̀ tó ti sán. Ewé ìsàlẹ̀ rẹ̀ méjì ti gbẹ, ọwọ́ ẹni tó gbìn ín, tí erùpẹ̀ ṣì wà ní èékánná rẹ̀, ló di ibi tó sán náà mú kí ó má baà là sí méjì."